Yàrà Súngbọ́ àti ibojì Òkè-Ẹ̀rí: bí ẹ ṣe lè lọ tí kò fi ní já sí òfo

Ibi méjì ni, kì í ṣe ibì kan. Àṣìṣe tó máa ń ba ìrìn àjò yìí jẹ́ jù nìyẹn. Ẹni tó bá sọ fún ọlọ́kadà ní Ìjẹ̀bú-Òde pé "Súngbọ́" lòun ń lọ, Òkè-Ẹ̀rí ni wọ́n máa gbé e lọ, níbi ibojì Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin tí ìtàn Ìjẹ̀bú ní ó ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà náà. Ibojì ló máa bá níbẹ̀, kò ní rí yàrà tó ti ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Ẹni tó bá sì ní "Erédò", orúkọ tí wọ́n tún ń pe yàrà náà, lè bá ara rẹ̀ ní ìlú tó ń jẹ́ Erédò lápá Ẹ̀pẹ́, ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ pinnu èyí tí ẹ fẹ́ kí ẹ tó gun ọkọ̀. Bó bá jẹ́ méjèèjì ni, ẹ fi ọjọ́ kan gbáko sílẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ lọ síbi yàrà, nígbà tí ara ṣì le.

Yàrà yìí yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àtijọ́ ká bí ìgbànú, nǹkan bí kìlómítà 160. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ò gùn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìyẹn náà sì di òkìtì. Ẹ̀gbẹ́ inú ni òkìtì máa ń wà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí inú igbó yẹn máa ń dà èèyàn láàmú: ibi tí òkìtì bá wà, ìhà inú ilẹ̀ Ìjẹ̀bú nìyẹn, òdìkejì rẹ̀ ni ìta.

Mítà 20 tí gbogbo èèyàn ń pariwo pé yàrà náà ga, láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí òkìtì ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, níbi tó ga jù lọ. Kì í ṣe gbogbo ibi ló ga bẹ́ẹ̀. Ewé tó ń já bọ́ àti iyẹ̀pẹ̀ tí òjò ń wọ́ wá ti dí ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbòmíràn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá dé irú ibẹ̀ á rò pé wọ́n tan òun jẹ. Ẹ má kàn sọ fún amọ̀nà pé "ẹ mú wa lọ síbi yàrà." Ẹ ní ibi tí ògiri rẹ̀ ti dúró ṣánṣán lẹ fẹ́.

Tí ẹ bá dé irú ibẹ̀, ẹ rọra fọwọ́ kan ògiri náà. Ó tutù, ó sì dán bí ìgbà tí wọ́n fi ọwọ́ pa á. Ohun aláwọ̀ ewé kan tó rọ̀ bí òwú ló bò ó, yangí pupa ló wà lábẹ́ rẹ̀. Yangí ní irin nínú, ó sì máa ń le sí i nígbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí ògiri tí kò ní bíríkì, tí kò ní sìmẹ́ńtì, fi dúró títí dòní. Gbòǹgbò igi náà ń ràn án lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ má fa ìtàkùn tu nítorí kí fọ́tò lè mọ́ kedere, ẹ má sì gun ògiri. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dúró sísàlẹ̀ nínú fọ́tò, láìṣe bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó máa mọ bó ṣe jìn tó. Igi pàdé lókè bí òrùlé, nítorí náà òkùnkùn ṣì máa ń wà níbẹ̀ láàárọ̀ kùtù; bí aago 11 sí aago 2 ni ìmọ́lẹ̀ tó dáa.

Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì ni kí ẹ lọ. Lẹ́yìn òjò, yangí máa ń yọ̀ bí ọṣẹ, gígun òkè padà láti inú kòtò a sì di ìyà. Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, ṣòkòtò gígùn, ọ̀pá kan láti fi na ewé gbígbẹ kí ejò lè yà lọ́nà, omi lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kìlómítà méjì ti tó fún ẹni tí kò mọ igbó rìn.

Ní ti ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ máa gbọ́ oríṣiríṣi. Patrick Darling, awalẹ̀pìtàn òyìnbó tó jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ nípa yàrà yìí lọ́dún 1999, wà lára àwọn tó gbà pé ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Ìwádìí àwọn tó walẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn bíi Gérard Chouin àti Adisa Ogunfolakan, fà á wá sí nǹkan bí ọdún 1370 sí 1420. Àwọn kan ní Bílíkísù Súngbọ́ ni Ayaba Ṣébà tó lọ sọ́dọ̀ Sólómọ́nì, ṣùgbọ́n ayaba yẹn ti gbé ayé ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún ṣáájú ìgbà yẹn. Bí amọ̀nà bá sì ní Kùránì dárúkọ Bílíkísù, kò rí bẹ́ẹ̀: Súrà kẹtàdínlọ́gbọ̀n sọ ìtàn ayaba náà láìdárúkọ rẹ̀, àwọn onítumọ̀ ló pè é bẹ́ẹ̀. Ìtàn Ìjẹ̀bú fúnra rẹ̀, ti obìnrin olówó tí kò bímọ, tó ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà kí orúkọ òun má bàa parun, dùn tó láti dá dúró.

Ní Òkè-Ẹ̀rí, ibi àdúrà lẹ wà. Mùsùlùmí ń lọ, Kírísítẹ́nì ń lọ, onísẹ̀ṣe náà ń lọ. Obìnrin kì í dé ibi ibojì gan-an. Kí ẹ̀yin tó ń kó ìdílé lọ sọ èyí fún ìyá àti ìyàwó yín láti ilé, kó má di ìjà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ múra láti bọ́ bàtà, ẹ bèèrè kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ sì bèèrè iye owó kí ẹ tó wọlé.

Ibojì la máa kọ́kọ́ júwe fún arúgbó àti ọmọdé, torí kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n yàrà ló ń dùn wá. Ó ti wà lórí ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, gbà sára àwọn ibi àjogúnbá ayé láti ọdún 1995, síbẹ̀ ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ẹ̀pẹ́ là á kọjá, ilé sì ń sún mọ́ ọn. Ibojì ní ẹni tó ń gbá ilẹ̀ rẹ̀, nítorí àwọn èèyàn ń kúnlẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń wá yangí tó máa fi kún ilẹ̀ ilé, òkìtì tí wọ́n ti kó jọ sílẹ̀ fún un láti nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn ló máa rí níbi yàrà, kò sì ní bá ẹnì kankan tó máa ní kó gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ kúrò.