GTO 52 tòkunbọ̀: eré ẹ̀rọ kọ́ ló ń mówó wọlé, sẹ́tíńgì ni

Ẹ̀rọ Heidelberg ló kún àdúgbò àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú: Kord, SORM, GTO, tòkunbọ̀ láti Yúróòpù ni ọ̀pọ̀ wọn. GTO 52 oníkọ́lọ̀ kan (tó ń tẹ àwọ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan) ni a yẹ̀ wò níbí, nítorí òun ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ fojú sí. Ẹ̀rọ tó dáa ni, a ó sì sọ ibi tó ti dáa. Àmọ́ eré tó ń sá ni àwọn tó ń tà á fi ń polówó rẹ̀, eré yẹn kọ́ ló sì ń gbọ́ bùkátà ṣọ́ọ̀bù. Ìṣẹ́jú tí ópírétọ̀ fi ń ṣe sẹ́tíńgì (títún ẹ̀rọ tò fún iṣẹ́ tó kàn) láàárín iṣẹ́ kan sí òmíràn ló ń pinnu bóyá ẹ̀rọ yìí á san owó ara rẹ̀.

Ọdún 1972 ni Heidelberg gbé GTO àkọ́kọ́ jáde ní Jámánì. Èyí tí à ń pè ní 52 ń gba bébà tí kò ju 36 × 52 cm lọ, òpin eré rẹ̀ sì ni 8,000 ní wákàtí kan. A3 wọ inú rẹ̀ dáadáa, àyè gírípà (ọwọ́ ẹ̀rọ tó ń di etí bébà mú) àti ti gígé ṣì ṣẹ́ kù. Bí ẹ bá gé bébà 70 × 100 cm sí mẹ́rin, 35 × 50 ló máa jáde, ẹyọ kan ò ní ṣòfò. 25 × 36 ínṣì náà, tí a bá gé e sí mẹ́rin, á fún yín ní nǹkan bíi 31.7 × 45.7 cm, A3 ṣì wọ̀ ọ́. Kord 64 ń gba bébà tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, 46 × 64 cm, ṣùgbọ́n pléètì rẹ̀ (irin pẹlẹbẹ tó gbé àwòrán) tóbi, owó rẹ̀ sì ga jù fún fláyà àti lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì.

Ohun tí a fẹ́ràn jù lára GTO ni apá nọ́ńbà àti pẹ́fọ́réṣọ̀n tó wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Rìsíìtì àti ínfọ́ọ̀sì lè gba yíǹkì, nọ́ńbà àti ìlà yíya lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí bébà bá kọjá. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n ti tú apá yìí kúrò lára rẹ̀, kí owó rẹ̀ wálẹ̀ gan-an.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ eré. Ká mú fláyà aláwọ̀ mẹ́rin, ojú kan, bébà 1,000. Ẹ̀rọ oníkọ́lọ̀ kan ni, nítorí náà bébà á kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin. Ká sọ pé sẹ́tíńgì kọ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba ìṣẹ́jú 45, láti ìgbà tí bébà ìgbẹ̀yìn ti tẹ́lẹ̀ jáde títí dìgbà tí bébà àkọ́kọ́ tó ṣeé tà máa jáde. Tí ẹ bá fi ẹ̀rọ sí 6,000 ní wákàtí, títẹ 1,000 á gba ìṣẹ́jú 10. Ìṣẹ́jú 55 nìyẹn fún kọ́lọ̀ kan, 220 fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 40. Ẹ wá gbé eré lọ sí 8,000: títẹ̀ di ìṣẹ́jú 7 àtààbọ̀, gbogbo iṣẹ́ di 210. Ìṣẹ́jú 10 péré lẹ rí nínú gbogbo eré yẹn, ẹ ó sì tún máa bá bébà méjì tó ń wọlé pọ̀ àti gíà àgbà tó ń jẹ ara rẹ̀ fa wàhálà. Ẹ dá eré padà sí 6,000, kí ẹ gé sẹ́tíńgì láti 45 sí 25: iṣẹ́ kan náà di ìṣẹ́jú 140. Ìṣẹ́jú 80 ló wọlé.

Ẹ wo odidi ọjọ́. Wákàtí 8 jẹ́ ìṣẹ́jú 480. Tí kọ́lọ̀ kan bá ń gba 55, mẹ́jọ lẹ lè ṣe lóòjọ́, nínú mẹ́jọ yẹn, ìṣẹ́jú 80 péré ni ẹ̀rọ fi tẹ nǹkan tí oníbàárà máa san owó lé lórí. Tó bá ń gba 35, mẹ́tàlá lẹ ó ṣe. Láti mẹ́jọ sí mẹ́tàlá, ẹ̀rọ ò yí padà, ópírétọ̀ ò yí padà, owó oṣù ò yí padà.

Shigeo Shingo, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jàpáánù, ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di ẹ̀kọ́ tí gbogbo ayé ń lò. Lọ́dún 1950, ilé iṣẹ́ Toyo Kogyo ní Hiroshima, tí à ń pè ní Mazda báyìí, rò pé ẹ̀rọ ńlá tí àwọn fi ń tẹ irin kò pọ̀ tó. Shingo ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ dúró ti ẹ̀rọ náà, kí òun máa ka ìṣẹ́jú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ máàdì, òṣìṣẹ́ kan sáré jáde, ó sì lé ní wákàtí kan kó tó dé: bóòtù kan ló ń wá kiri. Bóòtù ẹ̀rọ mìíràn ló padà yá, tó gé, tó sì lò. Ibẹ̀ ni Shingo ti pín sẹ́tíńgì sí méjì: ohun tí kò ṣeé ṣe àfi tí ẹ̀rọ bá dúró, àti ohun tó ṣeé ṣe nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní 1969, ẹ̀rọ 1,000 tọ́ọ̀nù kan wà ní Toyota tí pípààrọ̀ máàdì rẹ̀ ń gba wákàtí 4. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá sí ìṣẹ́jú 90, lẹ́yìn náà sí ìṣẹ́jú 3.

GTO ò ní dé ìṣẹ́jú 3, a ò sì béèrè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi fóònù ya fídíò sẹ́tíńgì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹ̀yin àti ópírétọ̀ jókòó wò ó pọ̀ (kì í ṣe láti fi mú un o, tó bá rò pé ẹ̀sùn lẹ fẹ́ fi kàn án, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́). Ẹ kọ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti ìṣẹ́jú rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó gbọ́dọ̀ dúró de ẹ̀rọ kò pọ̀: yíyọ pléètì àtijọ́ àti gbígbé tuntun wọ̀, fífọ bláńkẹ́ẹ̀tì (rọ́bà tó ń gba àwòrán lára pléètì lọ sórí bébà), fífọ rólà tí kọ́lọ̀ bá yí, títún ẹnu ibi tí bébà ń gbà wọlé àti ibi tó ń bọ́ sí ṣe. Gbogbo ìyókù ló yẹ kó ti parí nígbà tí iṣẹ́ tó wà lórí ẹ̀rọ ṣì ń tẹ̀ lọ́wọ́.

Pléètì ni ẹ kọ́kọ́ mú. Ní kété tó bá ti ọ̀dọ̀ oní-CTP (ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe pléètì) dé, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ẹ wo ojú rẹ̀ bóyá nǹkan ti ha á, ẹ wo àmì ìrẹ́jísítà (tí a fi ń mú kí àwọn kọ́lọ̀ bára mu) ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ wò ó bóyá kọ́lọ̀ tí wọ́n kọ sí etí rẹ̀ bá àwòrán tó wà lórí rẹ̀ mu. Pléètì tó ti ha tí ẹ kò rí àfìgbà tó dé orí sílíńdà, ó ti jẹ yín níye, nítorí ẹ̀rọ á dúró títí òmíràn á fi dé. Tí GTO yín bá ní píìnì ìrẹ́jísítà, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu ihò tó bá a mu sí gbogbo pléètì. Sísún pléètì síwá sẹ́yìn pẹ̀lú sípánà wà lára ohun tó ń jẹ ìṣẹ́jú jù lọ, píìnì sì ń gé púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò.

Lẹ́yìn náà ni bébà. Tí igun rẹ̀ kò bá gún láti ibi tí wọ́n ti gé e, kò sí ìrẹ́jísítà tí ọwọ́ yín lè bá. Ẹ fi máákà fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì bébà, ní etí gírípà àti etí tó ń kan gọ́ọ̀jì (ohun tó ń mú ẹ̀gbẹ́ bébà gún), kí ó lè jẹ́ etí kan náà ni yóò máa ṣáájú nínú kọ́lọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ tú u, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ tò ó sórí pátákó kejì. Kí yíǹkì ti wà nílẹ̀ ní ṣíṣí. Kí sípánà àti Allen key wà lára pátákó tí ẹ ti ya àwòrán irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí, kí àlàfo máa sọ èyí tó sọnù. Kí bébà tó ti bàjẹ́ wà ní ìtòsí fún ìdánwò. Ẹ má fi bébà tuntun ṣe sẹ́tíńgì.

Oníbàárà tó ní òun fẹ́ rí kọ́lọ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ńkọ́? Kó fọwọ́ sí prúùfù (ẹ̀dà àyẹ̀wò) ṣáájú, tàbí kó ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kí pléètì tó gun sílíńdà. Ẹ̀rọ tó dúró, tí yíǹkì wà lára rólà rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń retí ẹni tó wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí Ìkòròdú Road, òfò pọ́ńbélé ni.

Fífọ rólà ló le jù lórí oníkọ́lọ̀ kan. Láti yẹ́lò bọ́ sí mágẹ́ńtà rọrùn, láti dúdú bọ́ sí yẹ́lò ni ìṣòro: dúdú díẹ̀ tó bá kù á sọ yẹ́lò di ìdọ̀tí, ẹ ó sì tún fọ̀ ọ́. Nítorí náà ẹ tẹ̀lé ìlànà kan náà nígbà gbogbo, yẹ́lò, mágẹ́ńtà, sáyáàn, dúdú. Tí fláyà mẹ́ta bá wà nílẹ̀, ẹ tẹ yẹ́lò gbogbo wọn kí ẹ tó fọ̀. Tí ẹ bá ń parí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kọ́lọ̀ yí lẹ́ẹ̀méjìlá. Báyìí, ó yí lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ní ìnira tirẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ á dúró de àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni bébà tó ń dúró láàárín kọ́lọ̀ ń fa ọ̀rinrin, pàápàá nígbà òjò ní Èkó, ó ń fẹ̀, mágẹ́ńtà ò sì ní bá yẹ́lò mọ́. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù wé òkìtì kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì jẹ́ kó sùn mọ́jú láàárín kọ́lọ̀ méjì. Àwọn kan ń fi pẹtiróòlù fọ rólà nítorí ó yára. Ó ń ba rọ́bà jẹ́, ó sì lè fa iná. Ẹ ra oògùn ìfọrólà.

Tí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ẹ gbé rólà kúrò lára pléètì, ẹ fi gúúmù pa pléètì kó má baà dípàtà. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e sórí jẹnẹrétọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, kí oníná yẹ ìtòlẹ́sẹẹsẹ fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Tó bá yí padà, mọ́tò á yí sódì, pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ náà á yí sódì, èyí sì lè fọ́ pátákó káábọ́ọ̀nù inú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà tí mítà rẹ̀ kọ, ó ṣeé yí. Ẹ gbé pléètì kan lọ tó ní àmì àgbélébùú tín-ín-rín ní igun mẹ́rin, àti ibi fífẹ̀ tó jẹ́ àwọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ tẹ bébà 200, ẹ kó wọn padà sí ẹnu ẹ̀rọ, ẹ tẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú pléètì kan náà láìfọwọ́ kan nǹkankan. Tí àmì bá di méjì lórí ọ̀pọ̀ bébà, gírípà ti jẹ tàbí gọ́ọ̀jì ti yẹ̀. Tí àwọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bá ní ìlà tó ń padà wá ní àyè kan náà léraléra, ó lè jẹ́ gíà. Tí ibì kan bá ń ṣófo nígbà gbogbo, ẹ pààrọ̀ bláńkẹ́ẹ̀tì: tí àlàfo náà ò bá lọ, sílíńdà ló ti wọnú, ẹ fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ẹ fi èékánná tẹ rólà: èyí tó ń dán bíi díńgí, tí kò sì rọ̀, ti gan, ẹ ka owó títún rọ́bà rẹ̀ ṣe mọ́ owó ẹ̀rọ.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ rìsíìtì, lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì, ìwé ètò ìsìnkú, káàdì ìgbéyàwó àti fláyà láti 500 sí 5,000, GTO 52 tó bá yege nínú ìdánwò yẹn ni a ó ní kó rà. Ẹni tí fláyà aláwọ̀ mẹ́rin jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ yẹ kó wá GTO oníkọ́lọ̀ méjì tàbí mẹ́rin, nítorí kò sí bí ẹ ṣe máa gé sẹ́tíńgì tó tí bébà ò ní kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin. SM 52 tí Heidelberg gbé jáde ní 1995 ń sá dé 15,000 ní wákàtí, ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò òkè yẹn dáadáa kí ẹ tó san owó eré. Iṣẹ́ bébà 100 tàbí 200 kò yẹ kó gun orí GTO rárá, ẹ gbé e fún oní-dijítà. Ìwé kíkọ ilé ìwé àti pósítà ńláńlá, SORM tàbí èyí tó jù ú lọ ló ni wọ́n.

Tí ẹ bá ti ní GTO nílẹ̀, tí ọwọ́ sì ń há nítorí iṣẹ́ pọ̀, ẹ má tíì lọ wá èkejì. Ẹ so bébà kan mọ́ ara ẹ̀rọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbàkigbà tó bá dúró, kí ópírétọ̀ kọ àkókò tó dúró, àkókò tó tún gbéra, àti ìdí rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan: pléètì, bébà, yíǹkì, fífọ̀, iná, oníbàárà. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ ro ìṣẹ́jú ìdí kọ̀ọ̀kan pọ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe láti orí èyí tó pọ̀ jù.