ABVD àti BEACOPP: Èwo Ló Ń Dá Irúgbìn Ọkùnrin Sí?

Ọ̀dọ́kùnrin tí dókítà ní LUTH, Ìdí-Àràbà, bá sọ fún pé ó ní jẹjẹrẹ Hodgkin (irú èyí tó ń mú àwọn kókó inú ara tó ń gbógun ti àrùn) lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí oògùn yóò ṣe sí kórópọ̀n rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

ABVD jẹ́ àkójọpọ̀ oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni BEACOPP. BEACOPP ní oògùn cyclophosphamide àti procarbazine nínú. Àwọn méjèèjì máa ń lẹ̀ mọ́ DNA inú sẹ́ẹ̀lì, wọn a sì bà á jẹ́ débi pé sẹ́ẹ̀lì náà kò ní lè pín mọ́. Ibi tó burú sí ni pé wọ́n ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tí irúgbìn ti ń ṣẹ̀ wá, àwọn tó fara ti ògiri ọ̀pá tíńtínní inú kórópọ̀n; bí ìwọ̀nyí bá kú tán, kò sí ohun tí yóò rọ́pò wọn, omi àtọ̀ ọkùnrin náà sì lè wà láìní irúgbìn kankan títí ayé.

ABVD kò ní oògùn méjèèjì yìí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pín lọ́wọ́ ló sábà máa ń pa, ó sì ń dá púpọ̀ nínú ti ìpìlẹ̀ sí. Nítorí pé nǹkan bí ọjọ́ 74 ni irúgbìn fi ń dàgbà, ó gba sùúrù kí iye rẹ̀ tó padà bọ̀ sípò, nígbà mìíràn ó tó ọdún kan tàbí méjì.

Sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè testosterone, èròjà inú ara tó ń fún ọkùnrin ní okun ìbálòpọ̀, lágbára ju ti irúgbìn lọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi okun ìbálòpọ̀ díwọ̀n irúgbìn.

Ní tèmi, ABVD ni mo fara mọ́ bí àrùn kò bá tíì gbilẹ̀. Bí ó bá ti tàn kálẹ̀, dókítà lè yan BEACOPP nítorí agbára rẹ̀, ẹ̀mí ló sì ṣáájú. Èyíkéyìí tí wọ́n bá yàn, kí ọ̀dọ́kùnrin náà kọ́kọ́ fi àtọ̀ pamọ́ sínú ẹ̀rọ amúǹkandì ní ilé ìwòsàn ìbímọ.