Alẹ́ kan ní Hollywood Bowl pẹ̀lú ìyá mi, àti ọwọ́ Gustavo Dudamel

Ìyá mi wá kí wa ní Los Angeles láti Ìbàdàn, mo sì ń wá ibi tí mo lè mú wọn lọ. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń kọ áátò nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn, sol-fa ò sì ṣòro fún wọn láti kà. Nígbà tí mo rí i pé Gustavo Dudamel máa darí Los Angeles Philharmonic, ẹgbẹ́ olórin ńlá ìlú náà, ní Hollywood Bowl lálẹ́ ọjọ́ Tuesday kan nínú oṣù Keje, tí orin Dvořák tí wọ́n ń pè ní New World sì wà nínú ètò, mi ò jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì.

A ò tíì kúrò nílé tí wọ́n fi bi mí ní ìbéèrè kan. Wọ́n ń wo àwòrán Dudamel lórí fóònù mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹni tí ò ta fayolín, tí ò fọn fèrè, tí ò lùlù, kí ló dé tó jẹ́ pé àwòrán tirẹ̀ ni wọ́n gbé síwájú?"

Mi ò rí èsì gidi fọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ń darí náà ń lù. Oníyàálù ló ń pàṣẹ fún omele àti gúdúgúdú, ṣùgbọ́n ọ̀pá wà lọ́wọ́ òun náà, awọ sì wà níwájú rẹ̀. Ọ̀gá akọrin ìjọ ìyá mi, ìdí dùrù ló máa ń wà. Èyí tó kàn dúró tó ń ju ọwọ́ láìmú ohùn kankan jáde, ó yẹ kéèyàn béèrè iṣẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lọ síbẹ̀, òun náà ni mo fi ń kọ àgbéyẹ̀wò yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Àárín àwọn òkè Hollywood ló wà. Ilẹ̀ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ló jin kòtò bí igbá, ìyẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Bowl. Láti 1922 ni wọ́n ti ń lo ibẹ̀ fún orin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ń gbà tó 17,500 èèyàn. Pèpéle wà nísàlẹ̀ pátápátá lábẹ́ òrùlé funfun tó tẹ̀ bí ìkarahun. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, 2004 ni wọ́n kọ́ ọ. Àwọn tó san owó ńlá wà níwájú, tábìlì kékeré wà níwájú wọn, wọ́n ń jẹun. Àwa gun àtẹ̀gùn lọ sókè níbi tí wọ́n to bẹ́ǹṣì onígi sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta la dúró kí orúnkún ìyá mi lè sinmi. Bí ẹ bá ń mú àgbàlagbà lọ, ẹ tètè jáde nílé, kí ẹ sì mú tìmùtìmù tí wọ́n máa fi jókòó.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀ ni oúnjẹ. Ní alẹ́ tí ẹgbẹ́ Philharmonic bá ń kọrin, wọ́n gbà kéèyàn gbé oúnjẹ tirẹ̀ wọlé, títí kan wáìnì. Mọ́ínmọ́ín eléwé, dòdò àti ẹran díndín ni mo kó sínú kúlà. Obìnrin tó jókòó tì wá ń wo ewé náà títí, ìyá mi sì bu ọ̀kan fún un. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti dọ̀rẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ara wọn ò tó nǹkan. Owó tíkẹ́ẹ̀tì wa lókè lọ́hùn-ún ò tó owó tí mo fi ra ẹran.

Bọ́ọ̀sì tó ń kó èèyàn láti oríṣiríṣi àdúgbò la wọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n bá gbé síbẹ̀, ṣe ni wọ́n ń tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn gbọingbọin, tó bẹ́ẹ̀ tí ti ẹ̀yìn ò lè jáde àfi bí ti iwájú bá lọ. Ẹ tún mú aṣọ òtútù. Oòrùn ọ̀sán ibẹ̀ a máa tan èèyàn jẹ, nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́sàn-án, afẹ́fẹ́ orí òkè á ti sọ̀ kalẹ̀. Ìyá mi da ìborùn aṣọ òfì wọn bora, èmi ni mo gbàgbé tèmi.

Ní ti ohùn, mi ò ní purọ́ fún yín. Láti òkè tí a wà, ẹ̀rọ agbóhùnsókè lẹ ó gbọ́. Orin náà dé ọ̀dọ̀ wa ketekete, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ó ṣe ń jáde lára igi fayolín gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ ìyẹn, kó lọ sí Walt Disney Concert Hall láàárín ìlú, ilé tí ẹgbẹ́ yìí kan náà ń lò nígbà òtútù. Ohun tí Bowl fún wa ni ìbòjú ńlá tí wọ́n gbé kọ́, tó ń fi ojú àti ọwọ́ adarí hàn wá bí ẹni pé ó jókòó síwájú wa. Nínú gbọ̀ngàn, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni èrò ìwòran sábà máa ń rí.

Ta wá ni Dudamel yìí? Barquisimeto ní Venezuela ni wọ́n ti bí i ní 1981. Bàbá rẹ̀ ń fọn trombone, fèrè idẹ tí wọ́n máa ń fà gùn, nínú ẹgbẹ́ olórin salsa, òun náà sì fẹ́ fọn ọ́n, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kúrú jù fún un, ló bá mú fayolín. Ní kékeré, a máa to àwọn ohun ìṣeré rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹgbẹ́ olórin, a sì máa darí wọn bí orin bá ń lọ lórí ẹ̀rọ. Inú ètò tí wọ́n ń pè ní El Sistema ló ti kọ́ṣẹ́. José Antonio Abreu ló dá a sílẹ̀ ní 1975, láti máa fún àwọn ọmọdé, pàápàá ọmọ tálákà, ní ohun èlò àti olùkọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 1999, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 18, òun ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin ọ̀dọ́ El Sistema tí wọ́n ń pè ní Simón Bolívar. Ní 2004, ó gba ipò kìíní nínú ìdíje àwọn adarí ní Bamberg, ní Jámánì, tí wọ́n fi orúkọ Mahler, akọrin-sílẹ̀ ayé àtijọ́, pè. Esa-Pekka Salonen, tó ń darí Los Angeles Philharmonic nígbà náà, wà lára àwọn tó ṣe ìdájọ́ níbẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án 2005 ni Dudamel kọ́kọ́ darí orin ní Amẹ́ríkà, orí pèpéle Bowl yìí gan-an ló sì ti ṣe é. Nígbà tó di 2009, ó gba ipò Salonen, ó sì ṣí i pẹ̀lú orin ọ̀fẹ́ fún gbogbo ìlú níbẹ̀ kan náà.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo èyí lọ ni YOLA, ẹgbẹ́ orin àwọn ọmọdé tí Philharmonic dá sílẹ̀ ní 2007 lórí àpẹẹrẹ El Sistema. Láti 2021 ni wọ́n ti ní ilé tiwọn ní Inglewood, báńkì àtijọ́ tí Frank Gehry, ayàwòrán ilé, tún ṣe. Mo máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá, mo sì ń rí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú àti ọmọ Mẹ́síkò tí wọ́n gbé àpótí fayolín kọ́ ẹ̀yìn.

Ohun kan wà tí wọ́n bá a wí sí, mo sì rò pé wọn ò jẹ̀bi. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ lórí ìnira tí ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ ń kó bá aráàlú. Ọdún 2017 ló tó la ẹnu rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan, olórin tó kọ́ṣẹ́ nínú El Sistema, níbi ìwọ́de. Kété lẹ́yìn náà ni wọ́n fagi lé ìrìn àjò tó fẹ́ bá àwọn ọ̀dọ́ olórin Venezuela lọ. Owó ìjọba ló ń gbé ètò tó tọ́ ọ dàgbà ró, ọ̀rọ̀ náà sì le fún un, àwa ọmọ Nàìjíríà mọ bí irú rẹ̀ ṣe ń rí.

Ó yá, orin. Wọ́n kọ́kọ́ lu orin ìyìn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gbogbo èèyàn dìde. Lẹ́yìn ìyẹn ni Dvořák. Ní 1892 ni ọkùnrin ará Czech yìí dé New York láti wá ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ orin. Harry Burleigh, akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú tí bàbá rẹ̀ àgbà ti ṣe ẹrú rí, a máa kọ orin àwọn ẹrú fún un. New York Philharmonic ló kọ́kọ́ lu orin alápá mẹ́rin yìí ní Carnegie Hall nínú oṣù Kejìlá 1893.

Apá kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fèrè idẹ, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, lẹ́yìn náà fèrè onígi tí wọ́n ń pè ní English horn gba orin náà. Ìyá mi di apá mi mú. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ sí mi létí: mi sọ sọ, mi re do, re mi sọ, mi re. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti lù ú lórí dùrù níbi ìsìn òkú ní ìjọ wọn, àìmọye ìgbà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn rí pé ará Czech ló kọ ọ́.

Níbẹ̀ ni ìgò wáìnì ẹnì kan bọ́ lókè wa. Ó ń yí gbirigbiri sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kọnkéré, ẹ̀kan, ẹ̀kejì, ẹ̀kẹta, ó ju mẹ́wàá lọ. Inú bí mi. Ṣùgbọ́n mo wo ìbòjú. Ọwọ́ ọ̀tún Dudamel, tó mú ọ̀pá, fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira mọ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀ rọra tẹ afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ dojú kọ ilẹ̀, bí ìgbà tí ìyá bá fẹ́ kí ọmọ má jí. Àwọn fayolín rẹlẹ̀ sí i. Mo rò pé wọ́n á gbé ohùn sókè láti borí ìgò yẹn, wọ́n tún lọ sílẹ̀ ni, àwa tó wà lókè náà sì na ọrùn, a dákẹ́ kí a lè gbọ́.

Apá ìkẹyìn gbóná, trombone ń ké, irun orí rẹ̀ ń fò. Ẹni tí kò bá mọ orin náà á rò pé ariwo ló máa fi parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn kan ṣoṣo ni àwọn fèrè dì mú, tó ń tín-ín-rín, tó ń tín-ín-rín, títí tó fi tán. Dudamel ò sọ ọwọ́ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí wọ́n ti jẹ, tí wọ́n ti mu, jókòó nínú òkùnkùn, mo sì ń gbọ́ ìrẹ̀ nínú igbó orí òkè. Ìgbà tí ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀ ni ariwo ìyìn tó bẹ́.

Ìyá mi dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ìborùn fi já bọ́ ní èjìká wọn. Wọ́n ní, "Mo ti rí ohun tó ń lù. Àwa ló ń lù."

Nínú bọ́ọ̀sì, mo sọ fún wọn pé ó ń fi Los Angeles sílẹ̀, pé láti 2026 ẹgbẹ́ New York tó kọ́kọ́ lu orin yẹn ni yóò máa darí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ń fi ìka ka sol-fa náà lórí itan.

"New York. Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni àbúrò rẹ ń gbé?"

"Ibẹ̀ ni, mà."

"Pè é lọ́la. Kó máa ṣọ́ ìgbà tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ta tíkẹ́ẹ̀tì."