Irin tó ti dógùn-ún: práímà wo ni kí ẹ rà?

Práímà ni ọ̀dà tí a kọ́kọ́ ń kùn sára irin. Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́dà fi "èyí ni wọ́n ń lò l'Ékòó" ta ọjà olówó ńlá fún yín. Atẹ́gùn òkun tó ní iyọ̀ ló ń jẹ irin àwọn ará Èkó. Odò Ọya àti Bẹ́núè tó pàdé ní Lọ́kọ́ja níbí kò ní iyọ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ Kàbà tàbí Mọ̀pà.

Fún gẹ́ètì àti irin ojú fèrèsé, red oxide, práímà pupa, tó. Òun ni owó rẹ̀ kéré jù, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ irin tí ìpáàrà fẹ́ẹ́rẹ́ ṣì kù lára rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á dáadáa. Àmọ́ omi ṣì lè gbà á kọjá, nítorí náà ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi ọ̀dà olóròóró bò ó. Àwọn tó fi í sílẹ̀ ní pupa títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi dé ló ń sọ pé kò dáa.

Práímà onízinc yàtọ̀. Zinc ni ìpáàrà máa ń kọ́kọ́ jẹ kó tó kan irin, kódà bí nǹkan bá ha ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fara kan irin gan-an: ẹni tó kùn ún lé ìpáàrà lórí ti da owó nù. ISO 12944, ìlànà àgbáyé lórí ọ̀dà tó ń dáàbò bo irin, ní kí zinc tó 80 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ nígbà tó bá gbẹ. Bí agolo kò bá sọ iye tirẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Epoxy, agolo méjì tí wọ́n ń pò pọ̀, ló lágbára jù fún irin tó gbé táńkì omi, tí omi ń kán sí lójoojúmọ́. Bí ẹ bá ti pò ó, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ooru Lọ́kọ́ja sì máa ń mú un yára. Ìwọ̀nba tí ẹ máa lò ni kí ẹ pò. Oòrùn máa ń sọ ojú rẹ̀ di ẹfun, torí náà ó nílò ọ̀dà lórí.

Rust converter kì í ṣe ọ̀dà. Ásíìdì inú rẹ̀ ló ń sọ ìpáàrà di dúdú, ó sì wúlò fún kọ̀rọ̀ tí búrọ́ọ̀ṣì kò dé. Ẹ kọ́kọ́ gbọn ìpáàrà tó ń ṣí kúrò kí ẹ tó fi í sí i, lẹ́yìn náà kí ẹ kun ọ̀dà lé e.

Irin tó ti lu ihò, wẹ́dà ni kí ẹ pè.

Nígbà òjò, ẹ dúró kí oòrùn gbẹ ìrì ara irin tán. Ọyẹ́ dára ju ìyẹn lọ, bí ẹ bá ti nu eruku kúrò kí ẹ tó kùn ún.