Kanta àlòkù tí mo rà fún iṣẹ́ pákó, oṣù 18 rèé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí ṣé kẹ́ ẹ ra Kanta àlòkù (ọkọ̀ akẹ́rù kékeré Mitsubishi Canter) àbí kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí. Pákó ni mò ń tà ní Bódìjà n'Ìbàdàn, Oǹdó la ti ń kó o, ọdún 11 gbáko ni mo sì fi ń háyà ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Tí dírẹ́bà bá ti ní òun ò wá lónìí, ọjà mi á wà nílẹ̀ ní sọ́míìlì, òjò á máa pa á, kọ́sítọ́mà á ti lọ ra tẹlòmíì. Ó sú mi. Nígbà tí ilé ìfọpo Dangote wá já owó gáàsì wálẹ̀ sí 1,000 naira lítà kan ní oṣù kẹrin 2024 (dísù ni mò ń wí o, kì í ṣe gáàsì ìdáná), mo ní ó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá tèmi.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rí, ká ní èmi nìkan ni mo lọ ni, mo ti sanwó ẹ̀. Kùn tuntun, táyà tuntun, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi léda bo ìjókòó, ẹ́ńjìnnì ń dún jẹ́jẹ́. Bàbá mẹkáníìkì tí mo mú dání ò tiẹ̀ wo ẹ́ńjìnnì, wọ́n tẹ́ páálí sílẹ̀, wọ́n mú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, wọ́n pẹ́ níbẹ̀ débi pé ẹni tó ń ta ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Wọ́n wá pè mí, "Ìyá Ìbejì, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ibí." Lẹ́yìn kábíìnì, níbi tí bódì ti bẹ̀rẹ̀, kùn dúdú tó wà lára irin níbẹ̀ nípọn ju ti ibòmíì lọ. Wọ́n fi ẹnu sukudíráfà ha á, kùn ṣí, ojú wẹ́dà yọ, ó gùn láti òkè irin dé ìsàlẹ̀ bí àpá iṣẹ́ abẹ. Ṣásì yẹn, irin gígùn tó gbé gbogbo ọkọ̀ ró, ti kán rí, wọ́n jó o pọ̀, wọ́n fi kùn bò ó. Ẹ ronú pákó tútù lórí irú irin bẹ́ẹ̀ nínú kòtò ọ̀nà Ifẹ̀ sí Oǹdó! Bàbá ní ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́, a lè sọ ọ́ kalẹ̀ ká gbé òmíì sí i, ṣùgbọ́n ọ̀pá ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ṣásì. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú nínú ọ̀rọ̀ mi nìyẹn: ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́, ẹ tó wo iwájú.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni mo rà. A ò sọ àsìkò tí à ń bọ̀, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la kan ilẹ̀kùn wọn. Bàbá gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì, ó tutù rin. Ẹ rí i, ẹ́ńjìnnì gáàsì ò ní pọ́lọ́ọ̀gì tó ń tanná sí i bíi ti bẹtiróòlù, afẹ́fẹ́ tí píṣítìn fún mọ́ra tó fi gbóná ló ń jó gáàsì, tí ríǹgì ara píṣítìn bá ti jẹ, kò ní lè fún un dáadáa mọ́, àárọ̀ kùtù ló sì máa ń hàn jù, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń ti gbé ọkọ̀ gbóná kẹ́ ẹ tó dé. Èyí dáhùn lẹ́ẹ̀kejì tá a sítáàtì ẹ̀, èéfín funfun díẹ̀ jáde, ó sì lọ. Bàbá tún ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀ lórí ihò, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ. Ìdérí yẹn gbọ̀n díẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Tó bá ń fò bí ọmọrí ìkòkò tó ń hó, àmì pé ríǹgì ti jẹ nìyẹn, ẹ máa lọ sílé yín.

8.3 mílíọ̀nù ni wọ́n pè é, mo san 7.5. Nọ́ńbà ara ṣásì ni mo fi wé ti pépà, mo kà á lẹ́yọ lẹ́yọ.

Ẹ́ńjìnnì 4D33 ló wà nínú ẹ̀, lítà 4.2, píṣítìn mẹ́rin, pọ́ǹpù gáàsì ẹ̀ jẹ́ irin lásán tí kò ní kọ̀ǹpútà kankan, mo sì fẹ́ràn ìyẹn gan-an torí kò síbi tó máa bàjẹ́ sí lójú ọ̀nà tá ò ní rí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àlọ àti àbọ̀ Oǹdó ń jẹ bíi lítà 50. Kò ní túbò (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kún ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i), torí náà tó bá ru ẹrù tó ń gun òkè, ẹ máa ní sùúrù.

Ohun tó dà mí láàmú jù ni bátìrì. 24 volt ni ọkọ̀ náà, bátìrì 12 méjì ni wọ́n so pọ̀. Láàárín oṣù mẹ́rin mo ra bátìrì méjì, ẹyọ kan náà ló ń kú ṣáá, èkejì á le koko. Mo ti ń bú àwọn tó ń ta bátìrì kí rìwáyà kan tó rí i pé ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ fa wáyà rédíò látara ẹyọ kan ṣoṣo, ni ìyẹn bá ń dá ṣiṣẹ́ tí wọn ò sì ń cháàjì dọ́gba. Wọ́n yọ wáyà yẹn, mi ò ra bátìrì mọ́ látìgbà náà. Ẹ wo ẹ̀yìn rédíò kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí gáàsì tán pátápátá nínú táǹkì. Dírẹ́bà mi ṣe é lẹ́ẹ̀kan, atẹ́gùn wọ páìpù, ó di kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì orí fítà, kí wọ́n máa tẹ pọ́ǹpù ọwọ́ títí ìfófòó fi tán, nínú òjò.

Tó bá jẹ́ yanrìn tàbí òkúta lẹ fẹ́ máa rù, Kanta kéré, ẹ máa pa á ni. Pákó, gàárì, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìyẹn ni iṣẹ́ ẹ̀. Tí ẹ ò bá sì ní owó míì lọ́wọ́ lẹ́yìn èyí tẹ́ ẹ fi rà á, ẹ ṣì máa háyà ná, torí èmi ná nǹkan bíi 900,000 lóṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, síprínìgì àti bírèkì ló kó èyí tó pọ̀ jù. Ní báyìí gíà kejì ti ń han díẹ̀ tí ẹrù bá wà lórí ẹ̀, Bàbá ní ká sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a sì máa sọ ọ́ kalẹ̀.