Ilé ìtọ́jú arúgbó tàbí olùtọ́jú nínú ilé: èwo ni ká mú fún ìyá wa?

Nígbà tí ìyá wa kò lè dá dìde mọ́, ọ̀nà méjì ló wà níwájú àwa ọmọ: ká gbé wọn lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó kan ní Abẹ́òkúta níbí, tàbí ká gba olùtọ́jú tí yóò máa gbé pẹ̀lú wọn nílé ní Ìtòkú.

Ilé ìtọ́jú ní nọ́ọ̀sì, ọkàn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó sì máa ń balẹ̀. Ṣùgbọ́n arúgbó tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, wákàtí méjì-méjì ló yẹ kí wọ́n máa yí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, egbò yóò dá sí i ní ìbàdí àti gìgísẹ̀. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ kan ló ń dá tọ́jú ènìyàn 15 lóru ńkọ́? Òfin ọdún 2017 dá àjọ kan sílẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà ní Nàìjíríà, àmọ́ àjọ kò lè bá wa ṣí aṣọ wo ẹ̀yìn ìyá wa lójoojúmọ́. Ẹ máa lọ láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ wò ó bóyá omi wà nítòsí wọn, bóyá ètè wọn gbẹ.

Olùtọ́jú inú ilé, ènìyàn kan ṣoṣo ló dojú kọ, àwọn aládùúgbò sì ń yọjú. Ṣùgbọ́n ó ń rẹ̀ ẹ́, bó bá sì ń jágbe mọ́ ìyá lóru, ta ni yóò gbọ́?

Ti ilé ni mo fara mọ́, pẹ̀lú àdéhùn pé ọ̀kan nínú wa gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní gbogbo Sátidé, kí olùtọ́jú lè sinmi, ká sì fi ọwọ́ ara wa wẹ̀ wọ́n.