Ìkòkò lórí, ẹsẹ̀ ń rìn: yíya lọ́kọ̀ọ̀kan àbí fífi eegun ṣe é?

Ọmọbìnrin tó ru ìkòkò ni mo fẹ́ kó máa rìn nínú géèmù mi, irú ìkòkò tí wọ́n ń mọ ní Dada, ní Òkèlélé, n'Ílọrin níbí.

Mo lè ya ìṣísẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú Piskel, ohun èlò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Àwòrán 8 ló gbà mí; bí 12 bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìrìn náà á já geere. Iṣẹ́ ńlá ni o! Bí mo bá pààrọ̀ àwọ̀ ìró, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni màá tún kùn. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ẹ̀mí wà. Níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti balẹ̀, mo fa ìkòkò wálẹ̀ ní píksẹ́lì kan péré (ẹyọ àmì àwọ̀ tó kéré jù nínú àwòrán), lójú ẹsẹ̀ ni ó wúwo.

Mo sì lè gé e sí orí, apá, itan àti ojúgun, kí n so wọ́n mọ́ eegun, ìyẹn ọ̀pá ìdarí tí ń yí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan láìtún un yà, nínú Godot tí a fi ń ṣe géèmù. Èyí yá jù. Àmọ́ bí apá kékeré oní-píksẹ́lì bá ti yí díẹ̀, etí rẹ̀ á rí gbágungbàgun.

Ọmọbìnrin tèmi yìí ò ga ju píksẹ́lì 32 lọ, nítorí náà yíya ni mo mú. Ẹṣin Durbar tí mo fẹ́ kó tóbi dáadáa ni màá fi eegun ṣe.